Bí a ṣe ń fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣọ́ igbó: láti ojú ọ̀run dé ọwọ́ aṣọ́gbó

Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣọ́ igbó ńlá, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Kó tó gbúròó ẹ̀rọ ìgégi, igi ti wó. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti fi ọkọ̀ kó gẹdú lọ. Sátẹ́láìtì kò lè di arúfin lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìròyìn dé etí wa láàárín ọjọ́ díẹ̀, dípò ká máa gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún kan. Ìbéèrè kan ni gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí rọ̀ mọ́: ta ni ìròyìn náà máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ló sì máa fi ṣe? Ẹni tí kò bá dáhùn èyí kó tó ṣí kọ̀ǹpútà, àwòrán aláràbarà lásán ló máa kó jọ.

Ọ̀nà yìí ti yọrí síbi tó dáa rí. Ní Brazil, láti 1988 ni INPE, àjọ tó ń ṣèwádìí òfuurufú níbẹ̀, ti ń fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn igbó Amazon tó ń lọ lọ́dọọdún, nínú ètò tí wọ́n pè ní PRODES. Ní 2004, wọ́n fi ètò kejì kún un, ìyẹn DETER, èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti tètè ta àwọn agbófinró lólobó. Lọ́dún yẹn, igbó tó pòórá tó kìlómítà 27,772 níbùú lóòró. Nígbà tó fi máa di 2012, ó ti wálẹ̀ sí 4,571. Sátẹ́láìtì nìkan kọ́ ló ṣe é o: ìjọba ya ilẹ̀ púpọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n há owó yíyá mọ́ àwọn tó ń pa igbó run lọ́wọ́, àwọn agbófinró náà sì jáde. Àmọ́ ká ní kò sẹ́ni tó ta wọ́n lólobó, ibo ni wọ́n ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Èyí tó wù mí jù ni ti Loreto, ní Peru. Àwọn onímọ̀ pín ìlú ìbílẹ̀ 76 sọ́nà méjì: apá kan ń gba ìkìlọ̀ sátẹ́láìtì, apá kejì kò gbà. Nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì kò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ìròyìn náà lọ lóṣooṣù, nínú fúláàṣì kékeré tí wọ́n á kì bọ kọ̀ǹpútà. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún, á gbé e sórí fóònù wọn, wọ́n á wá wọ igbó lọ wo ibẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, igbó tó run fi nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn ìlú tí kò gba ìkìlọ̀. Lọ́dún kejì, ó fi ìdá 21 dín. Ẹ kíyè sí i pé sátẹ́láìtì tí wọ́n lò kì í ṣe tuntun, ọ̀fẹ́ ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè rí i. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ọkọ̀ ojú omi, fóònù àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kí ẹ tó ya ààlà

Gbólóhùn kan péré ni kó jẹ́. «Ǹjẹ́ ẹnì kan ti wọ inú igbó wa láti oṣù tó kọjá?» yàtọ̀ pátápátá sí «Hẹ́kítà mélòó ni a ti pàdánù láti 2015?» Èkíní ń fẹ́ ìyára, àṣìṣe díẹ̀ kò sì lè pa á lára, torí ẹnì kan ṣì máa lọ fojú rí i. Èkejì kò kánjú, ṣùgbọ́n òǹkà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú adájọ́. Ìbéèrè kẹta tó ti wọ́pọ̀ báyìí ni ti àwọn tó ń ta kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, màlúù tàbí pákó sí ilẹ̀ Yúróòpù: òfin ibẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti wá kò gbọdọ̀ jẹ́ igbó tí wọ́n pa run lẹ́yìn 31 December 2020. Ẹni tó ní ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ wá àwòrán tó súnmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kó sì tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ààlà. Bó bá jẹ́ igbó tí ìjọba dá àbò bò ni, ẹ lè rí ààlà rẹ̀ lórí Protected Planet, ìkànnì tó ń kó ààlà irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, àmọ́ ẹ má gbà á bí ẹni gba ẹ̀rí Ọlọ́run, torí ààlà orí máàpù àti ààlà tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ kì í sábà bára mu. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìlú tàbí ti ẹbí, ẹ fi GPS rìn ín yí ká pẹ̀lú àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ yà á nínú Google Earth, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bíi KML, irú fáìlì kan tó ń gbé ààlà. Èèyàn lè lo QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù tó jẹ́ ọ̀fẹ́, láti sọ ọ́ di GeoJSON, irú fáìlì ààlà mìíràn.

Ohun kékeré kan wà níbí tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nígbà tí a bá ń kọ ibi tí nǹkan wà, ìlà ìbú la máa ń kọ́kọ́ kọ kó tó kan ìlà òòró. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì GeoJSON, ìlà òòró ló ń ṣáájú. Bí igbó yín bá bọ́ sínú òkun lórí máàpù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ tún fa ààlà kejì sí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, bíi kìlómítà márùn-ún síta. Ìta ni ewu ti ń wọlé. Ojú ọ̀nà tuntun tó kù díẹ̀ kó kan igbó yín ṣe pàtàkì ju igi mẹ́wàá tó ti wó nínú rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ojú wo lẹ fẹ́ fi wò ó?

Landsat ti Amẹ́ríkà ni àgbà àwọn sátẹ́láìtì yìí. Ọdún 1972 ni àkọ́kọ́ gòkè, láti 2008 ni gbogbo àwòrán rẹ̀ sì ti di ọ̀fẹ́ fún aráyé. Píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ kékeré tí àwòrán pín sí, jẹ́ mítà 30 sí 30 lórí ilẹ̀. Landsat 8 àti 9 lápapọ̀ ń kọjá lórí ibì kan náà ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Bí ẹ bá ń wá ìtàn ilẹ̀ kan, òun ni. Kìkì pé ẹ̀yà ara Landsat 7 kan bàjẹ́ ní May 2003, látìgbà náà ni àwọn ìlà òfìfo ti wà nínú àwòrán rẹ̀; kì í ṣe kọ̀ǹpútà yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà lókè láti 2015, píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ó ń padà wá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọ̀fẹ́ sì ni. Mítà 10 sí 10 túmọ̀ sí pé píksẹ́lì 100 ló ń jẹ́ hẹ́kítà kan, ìṣirò tó rọrùn fún orí. Ti Landsat, nǹkan bíi píksẹ́lì 11 ni.

Sentinel-1 jẹ́ rédà, mo máa padà sórí rẹ̀. MODIS àti VIIRS, àwọn ẹ̀rọ ayàwòrán orí sátẹ́láìtì míì, ń wo ilé ayé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n píksẹ́lì wọn tóbi gan-an. Iná ni wọ́n dára fún. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni bíi Planet ní àwòrán tó mọ́ jù báyìí lọ, owó sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀. Ẹ má ronú kàn án títí ẹ ó fi rí i pé ti ọ̀fẹ́ kò tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣí àwòrán àkọ́kọ́

Ẹ lọ sí Copernicus Browser lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbé fáìlì ààlà yín sókè síbẹ̀, ẹ yan Sentinel-2 L2A (èyí tí wọ́n ti yọ ipa afẹ́fẹ́ kúrò lára rẹ̀), kí ẹ sì yan ọjọ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún olùbẹ̀rẹ̀ ni pé òǹkà ìkùukùu tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ti igbó yín. Ti gbogbo àwòrán náà ni, tó fẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Àwòrán tó ní ìkùukùu ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lè mọ́ gaara lórí igbó yín gan-an. Nítorí náà, ẹ má fi òdiwọ̀n ìkùukùu náà sí kékeré jù, pàápàá nígbà òjò. Ẹ fi ojú ara yín wo àwọn ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwòrán aláwọ̀ gidi ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ kúrò lórí rẹ̀ kíákíá. Ẹ yan SWIR, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ kan tó kọjá èyí tí ojú èèyàn lè rí: igbó á tutù yọ̀yọ̀ ní àwọ̀ ewé, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán á gba àwọ̀ ilẹ̀ tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ibi tí wọ́n sun á ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ SWIR tún máa ń gba inú èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá dáadáa, èyí tó wúlò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo èèyàn ń sun oko.

Ẹ wá ọjọ́ kan tó mọ́ lọ́dún tó kọjá àti ọjọ́ kan tó mọ́ lọ́dún yìí, nínú oṣù kan náà. Oṣù kan náà yìí kì í ṣe àbá o, ọ̀ranyàn ni. Àwọn igbó kan ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fi àwòrán October wé ti February á rò pé igbó ti lọ, nígbà tó jẹ́ pé ewé lásán ló re. Ẹ tẹ àmì píìnì lórí àwòrán méjèèjì, ẹ lọ sí ibi ìfiwéra, kí ẹ máa fa ìlà àárín wọn lọ-bọ̀. Ibi tí ojú yín bá ti ta kìjí ni kí ẹ sàmì sí.

Ìgbésẹ̀ 4: Kíka ohun tí ẹ rí

Ibí ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é tán fún yín.

Igbó kìjikìji máa ń ní ojú tó rí kúndùkúndù, torí orí igi kan ga ju èkejì lọ, òjìji sì há sáàárín wọn. Oko igi tí èèyàn gbìn máa ń jọ̀lọ̀, ó sì máa ń tò ní ìlà. Ọ̀nà tí ilẹ̀ gbà ṣí sì máa ń sọ ẹni tó ṣí i. Ní Rondônia, ní Brazil, ọ̀nà kéékèèké yọ lára òpópónà BR-364 lọ́tùn-ún lósì bí egungun ẹja, oko àti pápá màlúù sì ń fẹ̀ láàárín wọn. Ní Indonesia, oko ọ̀pẹ ńláńlá máa ń gún régé bí ẹni fi rúlà fà á, pẹ̀lú kòtò omi tó tọ́ gbọnrangandan lórí ilẹ̀ àbàtà. Ní àgbègbè odò Congo, oko kéékèèké tí kò tó hẹ́kítà kan tàbí méjì ló pọ̀ jù, wọ́n á to ara wọn sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn awakùsà ní tiwọn, adágún kéékèèké aláwọ̀ ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lẹ́bàá odò, bíi ti àwọn tó ń wá wúrà ní Madre de Dios ní Peru. Odò náà fúnra rẹ̀ á sì yí àwọ̀ padà sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n wà.

Ní ti àwọn ohun tó ń tanni jẹ: òjìji ìkùukùu ni ọ̀gá wọn. Ẹ wá ìkùukùu tó ni òjìji náà nítòsí; bí ìrísí wọn bá jọra, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Odò tó yà kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ máa ń wó igi bèbè. Ilẹ̀ yíya àti ìjì líle náà ń wó igi. Oko igi tí wọ́n gbìn láti gé, tí wọ́n wá gé, kò pa igbó kankan run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó wá padà sórí rẹ̀: lójú sátẹ́láìtì, igi ló wó, lójú àgbẹ̀, oko bàbá rẹ̀ ló ṣán. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ẹ wo àwòrán Landsat àtijọ́ ti ibi kan náà kí ẹ tó pariwo. Bí ilẹ̀ náà bá ti ṣí sílẹ̀ rí ní ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ mọ ohun tí ẹ kò lè rí pẹ̀lú. Bí agégẹdú bá wọ igbó, tó yọ igi ńlá kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, píksẹ́lì mítà 10 lè máà rí i rárá, àlàfo orí igi náà sì lè pa dé láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má wá igi. Ẹ wá ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wọ́ ọ jáde, àti ojú ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń to ìtì igi sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Kí òǹkà ran ojú lọ́wọ́

Ewé tútù máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, ó sì máa ń da ìmọ́lẹ̀ NIR padà, ìyẹn èyí tó wà lẹ́yìn pupa, tí ojú èèyàn kò lè rí. Orí èyí ni ìṣirò NDVI, tó ń sọ bí ewé tútù ṣe pọ̀ tó, dúró sí: ẹ yọ Red kúrò nínú NIR, kí ẹ fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín èyí tó kù. Nínú Sentinel-2, B8 ni NIR, B4 sì ni Red.

Ká ní píksẹ́lì kan nínú igbó ní NIR 0.40 àti Red 0.03. Ìyọkúrò jẹ́ 0.37, àròpọ̀ jẹ́ 0.43, NDVI sì di 0.86. Wọ́n ṣán ibẹ̀: NIR di 0.25, Red di 0.14, NDVI já wálẹ̀ sí 0.28. Kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí koríko àti ẹ̀gẹ́ bo ibẹ̀: NIR 0.38, Red 0.05, NDVI ti gòkè padà sí 0.77. Ẹni tó bá ń wo NDVI nìkan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè sọ pé igbó ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi NBR kún un. Ìṣirò kan náà ni, àmọ́ SWIR, ìyẹn B12, ló gba ipò Red. SWIR ń ṣàkíyèsí omi inú igi àti òjìji rẹ̀, ó sì ṣòro kí koríko tàn án tó bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí SWIR ìgbà igbó bá jẹ́ 0.06, NBR jẹ́ 0.74, lẹ́yìn ṣíṣán, pẹ̀lú SWIR 0.24, ó di 0.02, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú SWIR 0.11, ó gòkè sí 0.55 péré. Ọgbẹ́ náà ṣì hàn.

Iye wo ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n? Ẹ má yá ti ẹlòmíràn. Ẹ yan ibi bí ọgbọ̀n tí ẹ mọ̀ dájú pé igbó ni, àti ọgbọ̀n tí ẹ mọ̀ dájú pé wọ́n ti ṣán. Ẹ wo bí NBR ṣe yí padà ní ìhà méjèèjì, kí ẹ fi òdiwọ̀n yín sáàárín.

Pàkúté kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ. Láti 25 January 2022, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń kọ òǹkà Sentinel-2 padà, wọ́n fi 1000 kún iye tó wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba fáìlì 2021 àti ti 2023, tó sì fi òǹkà wọn wéra láìyọ 1000 yẹn kúrò nínú ti 2023, á rí «àyípadà» káàkiri gbogbo igbó. Bí ẹ bá ń lo Google Earth Engine, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, ẹ yan àkójọ tí orúkọ rẹ̀ parí sí HARMONIZED. Wọ́n ti bá yín ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 6: Nígbà tí ìkùukùu kò bá kúrò

Ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ni igbó ti ń pọ̀ jù, àwọn arúfin náà sì mọ̀ pé ìkùukùu ń bò wọ́n. Rédà kò bìkítà fún ìkùukùu tàbí òkùnkùn: òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ìgbì sísàlẹ̀, tó sì ń ka èyí tó padà. Ìgbì Sentinel-1 gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àti ààbọ̀, orí ewé àti ẹ̀ka kéékèèké ni agbára rẹ̀ mọ. Ìgbì L, tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24, ń wọlé dé ara ìtì igi. ALOS-2 ti Japan ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni NISAR tí Amẹ́ríkà àti Íńdíà jọ rán sókè ní July 2025.

Ẹ wo VH nínú Sentinel-1, ìyẹn ìgbì tí wọ́n rán ní òró, tó padà ní ìbú. Bí igi bá lọ, iye rẹ̀ máa ń já wálẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣe sùúrù: igi tí wọ́n gé lulẹ̀, tí wọn kò tíì kó, tí wọn kò tíì sun, ṣì lè máa dá ìgbì padà bí ẹni pé ó wà ní òró. Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àti ẹ̀gbẹ́ òkè náà ń yí òǹkà padà. Àwòrán rédà kan ṣoṣo kò tó gbọ́. Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ máa wá bá yín

Kò sẹ́ni tó lè máa wo àwòrán lójoojúmọ́. Global Forest Watch, tí World Resources Institute gbé jáde ní 2014, máa ń kó ìkìlọ̀ láti oríṣiríṣi ètò pọ̀, bíi GLAD ti Landsat, GLAD ti Sentinel-2, àti RADD tó ń lo rédà, èyí tí Yunifásítì Wageningen ṣe. Ẹ gbé ààlà yín síbẹ̀, ẹ fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele ìdánilójú: èyí tí a rí lẹ́ẹ̀kan, èyí tí a tún rí, àti èyí tí ètò tó ju ọ̀kan lọ rí. Bí agbára yín bá kéré, ẹ máà fi èkíní rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ àfi tó bá wà nítòsí ọ̀nà tuntun.

Ìwádìí kan lórí orílẹ̀-èdè 22 ní ilẹ̀ olóoru rí i pé ní Áfíríkà, níbi tí àwọn èèyàn ti forúkọ gba ìkìlọ̀ yìí, igbó tó ń run fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lórí àwọn ilẹ̀ yòókù, ìyàtọ̀ tó dájú kò hàn. Èyí kò yà mí lẹ́nu: ìkìlọ̀ tó wọ inú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò fi ránṣẹ́.

Tí ìkìlọ̀ bá pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé? Èyí tó ń tàn kálẹ̀ látọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tó so mọ́ ọ̀nà, tó wà nínú igbó tí kò tíì sí ẹni tó gé e rí, ni kó ṣáájú. Àmì iná ti VIIRS ẹ̀wẹ̀, píksẹ́lì rẹ̀ tó mítà 375. Iná náà lè wà níbikíbi nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ oko àgbẹ̀ tó ti wà látayébáyé.

Ẹ má fi ìkìlọ̀ ka iye hẹ́kítà ọdọọdún. Détà ọdọọdún ti Yunifásítì Maryland wà fún ìyẹn, láti 2001, ṣùgbọ́n igi tó kúrò ló ń sọ, kò sọ ìdí tó fi kúrò: iná àti oko igi tí wọ́n gé wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì ti tún ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ṣe láàárín kan, nítorí náà ó léwu kéèyàn máa fi ọdún 2001 sí 2010 wé ti ìsinsìnyí tààrà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ lọ wò ó

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí abúlé kankan, ẹ lọ fojú rí i, tàbí kí ẹ rán ẹni tó wà nítòsí.

Áàpù Forest Watcher ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ nílé ni kí ẹ ti gba máàpù àti ìkìlọ̀ sórí fóònù, pẹ̀lú bátìrì tó kún. Lábẹ́ igi ńlá, GPS fóònù lè fi mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣìnà. Ẹ dúró díẹ̀ kó fara balẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ya fọ́tò ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọjọ́ àti ibi hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì ya kùkùté kan pẹ̀lú nǹkan tó máa jẹ́ ká mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà púpọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ kí sátẹ́láìtì tó mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìgégi tàbí tí ẹ rí àgọ́ tuntun, ẹ yí padà. Àwọn aṣọ́gbó àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti pa lórí iṣẹ́ yìí kò kéré, àwòrán tó mọ́ láti òkè sì ti tó láti fi pe àwọn tó ní agbára òfin.

Ìgbésẹ̀ 9: Hẹ́kítà mélòó gan-an?

Èèyàn lè ka píksẹ́lì, kó pín in sí 100, kó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn. Kò tó. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní máàpù yín sọ pé hẹ́kítà 400 ti run, 20,000 ṣì jẹ́ igbó. Ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣa ibi àyẹ̀wò 100 láàárín èyí tó run láìṣojúsàájú, àti 300 láàárín igbó tó kù, kí ẹ fi àwòrán tó mọ́ jù wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé 85 nínú 100 àkọ́kọ́ ló run lóòótọ́. Nínú 300, mẹ́ta ti run tí máàpù kò mọ̀.

Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ti 400 jẹ́ 340. Mẹ́ta nínú 300 jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ti 20,000, ìyẹn jẹ́ 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 540, kì í ṣe 400. Ibi mẹ́ta péré tí máàpù fò dá lórí ilẹ̀ tó fẹ̀, òun ló gbé òǹkà sókè tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣírò bí àṣìṣe ṣe lè tó pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó rí 227 sókè tàbí sísàlẹ̀, ìyẹn láti 313 dé 767. Tí àyè yìí bá fẹ̀ jù fún yín, inú igbó tó kù ni kí ẹ ti fi ibi àyẹ̀wò kún un. Ibẹ̀ ni iyèméjì wà. Collect Earth Online àti SEPAL ti àjọ FAO wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìròyìn tí ẹni tó gbà á lè lò

Ojú ìwé kan. Àwòrán ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà, ọjọ́ àti orúkọ sátẹ́láìtì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tó wà, iye hẹ́kítà pẹ̀lú àyè àṣìṣe rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà débẹ̀, àti ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe. Ẹ ya ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò. «Hẹ́kítà mẹ́fà ṣí sílẹ̀ láàárín ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí» jẹ́ ohun tí ẹ rí. «Ilé iṣẹ́ báyìí ló ṣe é» jẹ́ ohun tí ẹ rò, títí ìwé àṣẹ ilẹ̀ àti ẹlẹ́rìí á fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tọ́jú fáìlì àwòrán gangan tí ẹ gbà, kì í ṣe èyí tí ẹ yà lójú fóònù nìkan, kí ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ náà ṣe kó sì rí èsì kan náà. Ẹ yọ orúkọ àti ojú àwọn tó fún yín ní ìròyìn kúrò nínú èyí tó ń jáde síta. Bí ẹranko tí àwọn ọdẹ ń wá bá wà níbẹ̀, ẹ má kọ ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àjọ tó ń bójú tó igbó ni kó kọ́kọ́ gbà á, pẹ̀lú ẹ̀dà kan fún àwọn olórí ìlú tó ni ilẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ àti orúkọ ipò ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣí àwòrán Sentinel tuntun ti ibẹ̀, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìròyìn yín. Bí etí ibi tó ṣí náà bá ti fẹ̀ sí i, ẹ so àwòrán tuntun yìí mọ́ ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ẹni kan náà àti sí ọ̀gá rẹ̀.